Ọmọ Tó Mọ Ìdáhùn, Tó Dákẹ́

Nínú hádíìsì tí Ìmáàmù Bùhárì kó jọ, ní abala tó dá lórí ìmọ̀, ìtàn kan wà tó wù mí kí gbogbo olùkọ́ ilé kéú máa rántí kí wọ́n tó wọ kíláàsì. Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, wà láàárín àwọn sàábé rẹ̀, ó sì bi wọ́n léèrè pé igi kan wà tí ewé rẹ̀ kì í rẹ̀ dànù, igi náà sì jọ Mùsùlùmí. Kí wọ́n sọ igi tí í ṣe. Ọkàn àwọn èèyàn ń lọ sórí oríṣiríṣi igi inú aṣálẹ̀. Abdullahi ọmọ Umar, tó kéré lọ́jọ́ orí, ti mọ̀ ọ́n nínú ara rẹ̀ pé igi dàbínù ni. Ṣùgbọ́n ó wò ó pé Abubakar kò sọ̀rọ̀, Umar bàbá òun náà kò sọ̀rọ̀. Ojú tì í, ó pa ẹnu mọ́. Ànábì ló padà sọ ìdáhùn náà fún wọn. Nígbà tí Abdullahi wá sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun mọ̀ ọ́n, Umar kò yìn ín pé ó káre tó bọ̀wọ̀ fágbà. Ó ní ká ní ó sọ ọ́ ni, ìbá dùn mọ́ òun nínú ju ohun púpọ̀ lọ.

Ọmọ yẹn pọ̀ láàárín wa. Ilé kéú tí mo ti kàwé kún fún un, èyí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí náà kún fún un. A ti tọ́ ọ dáadáa: kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà, kì í tẹjú mọ́ áfáà bí áfáà bá ń bá a wí. Ẹ̀kọ́ ilé nìyẹn, n kò sì sọ pé kí á gbé e jù nù. Ohun tí mo ń wò nínú ìtàn náà ni pé ẹni tó mọ̀ jù lọ nínú àwùjọ yẹn ló jókòó tó ń béèrè. Ó lè sọ fún wọn kíákíá kí wọ́n há a sórí. Ó fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n kọ́kọ́ wá a nínú ohun tí wọ́n ti mọ̀ nípa igi, nípa ewé, nípa ẹni tó gba Ọlọ́run gbọ́. Bákan náà ló rí nínú hádíìsì Málékà Jibrílù, ẹni tó wá bí ọkùnrin aláṣọ funfun, tó jókòó ti Ànábì tí eékún wọn kan ara wọn, tó ń béèrè nípa Ìsìláàmù, nípa ìgbàgbọ́, nípa ṣíṣe rere. Lẹ́yìn tó lọ tán ni Ànábì sọ fún Umar pé Jibrílù ló wá kọ́ wọn ní ẹ̀sìn wọn. Ẹ sì wò ó, ìbéèrè ni olùkọ́ náà fi kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí àwọn Mùsùlùmí dá sílẹ̀. Láàárọ̀, ẹ̀kọ́ ìjọba là ń kọ́ wọn: ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá, sáyẹ́ǹsì. Tó bá di ọ̀sán, lẹ́yìn ìrun Áílà, kéú á bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá kan náà, lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Àwọn ọmọ tó ń pè mí ní Áńtí láàárọ̀ á wá máa pè mí ní Ùsitáásà. Bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ orúkọ mi ni wọ́n ń pààrọ̀ orí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n wá ìdá kan nínú ogójì 2,000, wọ́n rí 50 láìsí wàhálà. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an la dé orí sàká. Mo ní oníṣòwò kan ní ₦20,000,000 tó ti lo ọdún kan lọ́wọ́ rẹ̀, ìdá kan nínú ogójì sì ni sàká. Èló ni yóò yọ? Kíláàsì dákẹ́. Wọ́n ń dúró kí n sọ iye rẹ̀ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọmọbìnrin kan tó nawọ́ sókè: “Ùsitáásà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé a lè fi ìṣirò ti àárọ̀ yẹn ṣe é?”

Ìbéèrè yẹn ni mo gbé lọ sílé. Ọmọ náà ń tọrọ àyè kí ó tó lo ohun tó ti mọ̀.

Àwọn méjì kan wà tó ṣèwádìí bí ọmọ ṣe ń lo ohun tó ti mọ̀. Ní ọdún 1896 ni wọ́n bí ọ̀kan nínú wọn, Jean Piaget, ní Switzerland. Ọdún kan náà ni wọ́n bí ìkejì, Lev Vygotsky, ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà ayé ìgbà yẹn. Ọdún yẹn náà sì ni ìjọba Èkó ṣí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àkọ́kọ́ fún àwọn ọmọ Mùsùlùmí, torí àwọn òbí ń bẹ̀rù pé bí ọmọ bá lọ sílé ẹ̀kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, Onígbàgbọ́ ni yóò dà. Edward Blyden wà lára àwọn tó ṣe alárinà láàárín ìjọba àtàwọn àgbà Mùsùlùmí Èkó lórí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn tó ń tiraka l'Ékòó nígbà yẹn kò lè mọ̀ pé ọmọ ọwọ́ méjì wà lókè òkun tí yóò dàgbà di àwọn tí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni á máa dárúkọ. Piaget jókòó ti àwọn ọmọdé, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń ronú. Ó máa ń da omi inú ife gbàǹgbà sínú ife tẹ́ẹ́rẹ́ níṣojú wọn. Ọmọ tí kò tíì tó nǹkan bí ọdún méje á ní omi náà ti pọ̀ sí i. Ẹni tó bá sọ fún ọmọ yẹn pé omi kò pọ̀ sí i, tí ọmọ náà sì tún un sọ, ohùn lásán ló gbà lẹ́nu rẹ̀. Àyàfi ìgbà tí ọmọ bá dà á lọ, tó dà á bọ̀, tó fi ojú ara rẹ̀ rí i, ni òye rẹ̀ tó yí padà. Vygotsky ní tirẹ̀ tẹnu mọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ: ohun tí ọmọ lè ṣe lónìí bí ẹni tó jù ú lọ bá ràn án lọ́wọ́, òun ni yóò dá ṣe lọ́la. Gbogbo rẹ̀ kò ju èyí lọ, pé ìmọ̀ kì í wọ inú ọmọ bí omi ṣe ń wọ kèrègbè. Ọmọ ló ń mọ ọ́n ró fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ohun tó ti wà nílẹ̀ nínú orí rẹ̀.

Àwọn áfáà kan á ní ọ̀rọ̀ òyìnbó lèyí, kéú kò fẹ́ ẹ. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé àwọn àgbà nínú Ìsìláàmù ti ń bá ara wọn jiyàn lórí rẹ̀ tipẹ́ kí Piaget tó dáyé. Ibn Khaldun, ọmọ Tunis tí wọ́n bí ní 1332, ròyìn nínú ìwé rẹ̀, Muqaddimah, pé ní ilẹ̀ Màgíríbì ní Àríwá Áfíríkà, Alùkùránì nìkan ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ fún ọmọdé, wọn kì í fi ohun mìíràn kún un títí yóò fi já a. Ní Andalusia, ní ilẹ̀ Spain, wọ́n ń fi ìwé kíkọ, ewì àti gírámà Lárúbáwá mọ́ ọn. Ó wá mú ọ̀rọ̀ Adájọ́ Abu Bakr ibn al-Arabi ará Seville wá, ẹni tó kú ní 1148. Adájọ́ yìí fẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ kọ́ èdè àti ewì, kó kọ́ ìṣirò tẹ̀ lé e, kó tó dórí Alùkùránì, torí ó dùn ún púpọ̀ pé ọmọdé ń ka ohun tí kò yé e. Ibn Khaldun ní ìlànà náà dára gan-an, ṣùgbọ́n àṣà kò gbà á: àwọn òbí ń wá alùbáríkà Alùkùránì fún ọmọ, wọ́n sì ń bẹ̀rù pé bí ó bá bàlágà tó bọ́ lọ́wọ́ wọn, ó lè má kọ́ ọ mọ́ láéláé. Ìwé kan náà ló ti kọ ọ́ pé lílù àti lílekoko mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ń sọ ọ́ di ọ̀lẹ àti òpùrọ́. Ọ̀rọ̀ ọ̀rúndún kẹrìnlá nìyẹn o. Pàṣán ṣì wà lórí àjà lọ́pọ̀ ilé kéú wa dòní.

Ní tèmi, n kò gbà pẹ̀lú Adájọ́ Ibn al-Arabi tán. Súrà tí mo há sórí kí n tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀ ni mo fi ń kírun títí dòní, mo sì mọ ohun tó ṣe fún mi ní àkókò tí n kò rí ọ̀rọ̀ mìíràn sọ. Ọmọdé máa ń rántí nǹkan dáadáa, ẹ̀bùn Ọlọ́run ni. Kí á má gba àkọ́sórí lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí mo ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi jà lé lórí ni pé òye kì í ṣe ohun tí à ń tì síwájú di ìgbà tí ọmọ bá já Alùkùránì. Ọjọ́ tí ọmọ bá há súrà kúkurú kan sórí ni òye rẹ̀ yẹ kó bẹ̀rẹ̀, ní ìwọ̀n orí rẹ̀, pẹ̀lú ohun tó ń rí nílé àti ládùúgbò rẹ̀. Bí a bá dúró, òye á dé tán, á rí i pé ilẹ̀kùn ti tì.

Hádíìsì kan tún wà tó ń ràn mí lọ́wọ́ nígbà tí ẹnu bá ń yún mi láti sọ ìdáhùn fún wọn. Ọkùnrin kan wọ mọ́sálásí, ó sáré kírun, ó wá kí Ànábì. Ànábì dá a lóhùn, ó ní kó padà lọ kírun torí kò tíì kírun. Ó padà, ó kí i bó ṣe kí i tẹ́lẹ̀. Ó di ẹ̀ẹ̀mẹta kí ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ tó sọ pé òun kò mọ èyí tó dára ju báyìí lọ, kí Ànábì jọ̀wọ́ kọ́ òun. Ìgbà yẹn ni Ànábì tó ṣàlàyé fún un, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ ní ìfarabalẹ̀, láti orí àlùwàlá dé orí ìforíkanlẹ̀. Mo máa ń ronú nípa ìgbà kejì yẹn. Olùkọ́ tó kù díẹ̀ káàtó ni ìbá ti là á mọ́lẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, ọkùnrin náà ìbá sì gbọ́ ọ láìtíì ṣe é láǹfààní.

Nígbà tí ààwẹ̀ bá ń parí lọ, a máa ń kọ́ wọn ní sàká ìtúnu ààwẹ̀. Ohun tó wà nínú tírà ni pé sáà kan oúnjẹ ni, sáà kan sì jẹ́ mudù mẹ́rin, mudù kan sì ni ẹ̀kún àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tóbi jù, tí kò sì kéré jù. Ọmọ á kọ ọ́, á há a, á gba máàkì. Lọ́dún kan, mo gbé gaàrí wá sí kíláàsì nínú abọ́ ńlá, mo ní kí oníkálukú fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọn mudù mẹ́rin sínú ike. Kò pẹ́ tí ariwo fi sọ. Ike ẹnìkan kún, ti ẹlòmíràn kò dé ìdajì. “Áńtí, ọwọ́ tirẹ̀ tóbi ju tèmi lọ!” Wọ́n tiẹ̀ gbàgbé pé Ùsitáásà ni mo jẹ́ lọ́sàn-án. Ọmọ kan ní kí á lọ pe áfáà àgbà kó wá fi ọwọ́ tirẹ̀ wọ̀n ọ́n. Òmíràn ní bí ọwọ́ áfáà bá wá tóbi ju ti gbogbo èèyàn ńkọ́? Wọ́n jiyàn títí tí ọ̀kan nínú wọn fi sọ pé bóyá ìdí nìyẹn tí tírà fi sọ pé ọwọ́ tí kò tóbi jù, tí kò kéré jù. Gbólóhùn tí wọ́n ti há sórí láti àná ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ní ìdí lójú wọn. Mo da gaàrí sáà kan láti inú abọ́ sínú ike gíga tẹ́ẹ́rẹ́, àwọn kéékèèké ní ó ti di sàká èèyàn méjì. Piaget kò purọ́. A dà á padà. A tún un dà.

Ti àkókò ìrun ló wú mi lórí jù. Nínú tírà, Áílà ń wọlé nígbà tí oòrùn bá yẹ̀ kúrò láàárín gbùngbùn òfuurufú. Aláásárì ń wọlé nígbà tí òjìji nǹkan bá gùn tó nǹkan náà fúnra rẹ̀, láìka òjìji ọ̀sán gangan mọ́ ọn. Àwọn ọmọ mọ̀ ọ́n lẹ́nu, ṣùgbọ́n aago orí fóònù ni gbogbo ilé wọn ń wò. A gún igi kan sílẹ̀ nínú ọgbà, a ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí òjìji rẹ̀ bá dé. Ohun tó kọ́kọ́ yà wọ́n lẹ́nu ni pé òjìji kì í kúrú jù ní aago méjìlá géérégé. Ó ń sún mọ́ aago kan kí ó tó kúrú tán. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì wá bá wa dá sí i: aago Nàìjíríà kò bá oòrùn Ìbàdàn mu tán, torí ìlà tí wọ́n fi ṣètò rẹ̀ gba apá ìlà-oòrùn tó jìnnà sí wa kọjá, oòrùn sì ń pẹ́ kí ó tó dé orí wa. Bí oṣù ti ń gorí oṣù, wọ́n rí i pé òjìji ọ̀sán tó ń nà sí apá àríwá ní oṣù Kìíní ń kúrú lọ, títí dé ìgbà kan nínú oṣù Kẹrin tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá lábẹ́ igi, lẹ́yìn náà ló ń nà sí apá gúúsù. Ọmọkùnrin kan béèrè pé bí òjò bá ṣú tí kò sí òjìji, ṣé kò sí ìrun nìyẹn? Ṣàṣà ọmọ ni ìbá béèrè èyí bí ó bá jẹ́ orí bẹ́ǹṣì ló ti gbọ́ ọ. Mo dákẹ́. Ọmọbìnrin kan ló dá a lóhùn pé oòrùn kò kúkú lọ, àwa ni a kò rí i. Ìmọ̀ ẹ̀sìn àti sáyẹ́ǹsì pàdé lórí igi kan nínú ọgbà, kò sì sí ẹni tó tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ yẹn.

Kí n tó gbàgbé, ilé kéú àtijọ́ náà mọ nǹkan kan tí àwa ti sọ nù. Nígbà wàláà, ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tirẹ̀. Ìgbà tí ọmọ bá mọ ohun tí áfáà kọ sí wàláà rẹ̀ ni wọ́n tó ń fọ̀ ọ́ kí wọ́n kọ òmíràn. Ẹni tó yára kò dúró de ẹni tó falẹ̀, ẹni tó falẹ̀ kò sì di ẹrù. Àwọn àgbà ọmọ kéú ló ń gbọ́ ti àwọn kéékèèké, èyí tí Vygotsky ìbá dúnnú sí. Nígbà tí Shaykh Adam Abdullahi al-Iluri dá Markaz, ilé ẹ̀kọ́ Lárúbáwá rẹ̀, sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952, tó sì gbé e lọ sí Agége ní 1955, ó mú kíláàsì, bọ́ọ̀dù, ìwé ẹ̀rí àti ètò ẹ̀kọ́ tó nítumọ̀ wọ inú kéú, gbogbo wa la sì ń jẹ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Àwa tó tẹ̀ lé e la mú ìjókòó lórí ìlà tán, tí a wá gbàgbé ọmọ kọ̀ọ̀kan tó jókòó síbẹ̀.

Èyí tó kù wà lọ́wọ́ olùkọ́. John Dewey ti kọ̀wé ní 1910 lórí bí èèyàn ṣe ń ronú, Donald Schön sì gbé ìwé jáde ní 1983 lórí oníṣẹ́ tó ń yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò, nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ àti lẹ́yìn tó bá parí. Àwọn áfáà mọ ìṣirò ara ẹni ní alẹ́ kí èèyàn tó sùn: kí ni mo ṣe lónìí tí Ọlọ́run yóò bi mí? Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí kíláàsì wà lára ìṣirò yẹn. Ìwé kékeré kan wà nínú àpò mi. Ohun tí ọmọ sọ ni mò ń kọ síbẹ̀, bó ṣe sọ ọ́ gan-an, pàápàá èyí tó ṣì sọ, torí ibẹ̀ ni mo ti ń rí ohun tó ti wà nílẹ̀ nínú orí rẹ̀ kí n tó dé. Mo tún ń kọ orúkọ àwọn tí n kò gbọ́ ohùn wọn rárá lọ́jọ́ náà. Orúkọ tó bá jáde léraléra, òun ni ọmọ Umar tèmi, mo sì mọ ẹni tí màá bá sọ̀rọ̀ lọ́la.

Ojú kan náà ló yẹ kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì fi wo ọ̀rọ̀ yìí. St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́, ilé ẹ̀kọ́ Áńgílíkà, ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa, tó jẹ́ Mùsùlùmí, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí wọn ní 1970: ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́, tí olùkọ́ ọ̀tọ̀ sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi wé wọn lọ. Èdè tí ọmọ fi ń ronú nílé wọ kíláàsì, ìmọ̀ sì rí ibi tó lè fẹsẹ̀ tẹ̀. Ó dùn mí pé iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ di ohun tí a kàn ń dárúkọ níbi àpérò.

Ààlà wà o. Ráká mẹ́rin ni Aláásárì, ọmọ kankan kò ní í jókòó fi òye ara rẹ̀ sọ ọ́ di mẹ́ta. Jíjẹ́ ọ̀kan Ọlọ́run kì í ṣe ohun tí à ń dìbò lé lórí ní kíláàsì. Ìgbàgbọ́ jẹ́ ohun tí a jogún, tí a sì ń fi lé ọmọ lọ́wọ́. Síbẹ̀, Ànábì Ibrahim tó gbàgbọ́ pàápàá bẹ Olúwa rẹ̀ pé kó fi han òun bó ṣe ń jí òkú dìde, kí ọkàn òun lè balẹ̀, Ọlọ́run kò sì bínú sí i. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó béèrè bí málékà ṣe rí kò ṣẹ̀ ju ìyẹn lọ.

Ní báyìí, wòlímátì, ayẹyẹ àwọn ọmọ kéú, ló wà níwájú wa. Àwọn òbí á rán aṣọ, wọ́n á gbé kánópì, ọmọ á ka súrà tirẹ̀, owó á máa rọ̀ lé e lórí. Mo ti dá a lábàá nípàdé àwọn olùkọ́ pé lẹ́yìn tí ọmọ bá ti kà á tán, kó fi Yorùbá tirẹ̀ sọ fún ìyá rẹ̀ àgbà tó jókòó síwájú ohun tí súrà náà ń sọ, kí ìyá àgbà sì bi í ní ìbéèrè kan. Áfáà kan ní bí ó bá ṣì í sọ lójú àwùjọ ńkọ́, ìtìjú ilé kéú kọ́ nìyẹn? Mo ní kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí Súratul-Máúnì, tó sọ nípa ẹni tó ń ti ọmọ òrukàn dànù àti ẹni tí kì í yá aládùúgbò ní ohun èlò kékeré, torí kò sí ọmọ Ìbàdàn tí wọn kò rán rí kó lọ yá ọlọ tàbí ajọ̀ lójúlé kejì, tí kò sì mọ bó ṣe rí nígbà tí wọ́n bá ní kò sí. Áfáà àgbà gbà fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin nìkan lọ́dún yìí. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa bẹ̀rẹ̀ ìgbáradì pẹ̀lú wọn, mo sì ti ránṣẹ́ sí àwọn ìyá àgbà pé kí wọ́n múra ìbéèrè wọn sílẹ̀.